Arọra Gé Pápá Ọkọ Rẹ̀

Obìnrin kan wà tó ń sin màálù. Arọra ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí pé bí ilé ń jó, kò ní sáré. Abo màálù mẹ́tàlélógún ló ní, àti akọ kan. Pápá tí wọ́n ń jẹ̀ jẹ́ éékà mẹ́rìndínlógún, wáyà yí i ká, adágún omi sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ló gbin koríko náà kó tó kú. Òfin kan ṣoṣo ló ṣe sí i: "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e. Ẹ jẹ́ kó so, kí èso rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kó tún ara rẹ̀ gbìn." Koríko náà a ga dé ìbàdí èèyàn, a so ṣírí, afẹ́fẹ́ a máa fì í síwá sẹ́yìn. Àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà a dúró wò ó. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, Arọra kò fi dòjé kàn án.

Ní ọdún kẹta yẹn, nǹkan dojú rú. Oòrùn mú, síbẹ̀ irun gígùn kò re lára àwọn màálù. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n ti ń wọ inú adágún, omi a mù wọ́n dé ikùn, wọ́n a máa mí hẹlẹhẹlẹ. Mẹ́rin ń tiro. Ìrù méjì gbẹ ní ṣóńṣó, ó já. Wàrà dín sí ìdajì. Èyí tó burú jù ni pé nínú mẹ́tàlélógún, méje péré ló lóyún.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tí wọ́n jọ ni ilẹ̀ náà, wá dúró sẹ́nu géètì.

"Ìyàwó, màálù tí kò bímọ, ẹran ọbẹ̀ ni. Mo ti bá alápatà sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní ọdún kan sí i."

"Ọdún kan kẹ̀? Kí ìrù tó kù náà lè já?"

"Ìrù kọ́ ni wọ́n fi ń bímọ, ẹ̀gbọ́n."

Ọkùnrin náà kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín pa á. Ó gbà. Ó ní, "Lọ́dún tó ń bọ̀, dókítà máa yẹ̀ wọ́n wò. Tí oyún kò bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lọ́rì alápatà máa kó gbogbo wọn lọ lọ́jọ́ náà gan-an."

Arọra ní òun ti gbọ́.

Dókítà ẹran tó pè jẹ́ obìnrin, ọmọdé lójú. Kò fọwọ́ kan màálù kankan. Inú pápá ló wọ̀, ó já ṣírí kan, ó fi èékánná là á.

"Ìyá, kì í ṣe àìsàn. Májèlé ni wọ́n ń jẹ."

"Ta ló fún wọn jẹ?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

Arọra gba ṣírí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó.

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà," ni dókítà wí. "Ohun kan tó jọ èyí tó ń bo búrẹ́dì tó bá ti bu ló ń gbé inú koríko yìí, ojú lásán kò lè rí i. Inú ṣírí ni oró rẹ̀ pọ̀ sí jù. Ẹ máa gé e kó tó so. Ẹ gbin ewéko eléwé mẹ́ta sáàárín rẹ̀, kó má jẹ́ koríko yìí nìkan ni wọ́n ń jẹ. Tí oòrùn bá mú jù, ẹ kó wọn kúrò, ẹ fún wọn ní koríko gbígbẹ láti ibòmíràn."

Nígbà tí dókítà lọ, Arọra jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé títí tíì ọwọ́ rẹ̀ fi tutù. Ọkọ òun ló ní kí wọ́n má gé pápá. Ọkọ òun náà ló ra àwọn màálù. Èwo nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kí òun gbà là? Ó da tíì nù, ó fọ ife, ó lọ wá onísẹ́ẹ̀dì ewéko eléwé mẹ́ta.

Ọwọ́ ló fi fọ́n irúgbìn náà nígbà tí òjò ń rọ̀. Èyí tó fọ́n sí ẹ̀bá adágún, ẹyẹ ṣà á jẹ. Ó tún un fọ́n. Nígbà tí ọdún yí, tí koríko fẹ́ yọ ṣírí, ó pe ọlọ́kọ̀ katakata tó ní ẹ̀rọ ìgékoríko. Àwọn èèyàn dúró lójú ọ̀nà.

"Arọra, ṣé ẹ fẹ́ fi pápá ṣe ibi ìgbábọ́ọ̀lù ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn màálù ló máa gbá a. Ẹ wá bá wa ṣe rẹfirí."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gé e lọ́dún náà, kò sì jẹ́ kó kúrú ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ṣírí tuntun ní kọ̀rọ̀ pápá, ó sì fi sálúbàtà sáré lọ mú dòjé. Àwọn aládùúgbò jáde wá wò ó, wọ́n rò pé ejò ló rí.

Irun re lára àwọn màálù, ara wọn ń dán. Lọ́sàn-án gangan, pápá ni wọ́n wà, pẹ́pẹ́yẹ nìkan ló wà nínú adágún. Arọra rí i, ṣùgbọ́n kò tíì yọ̀. Inú màálù, ọwọ́ dókítà nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kì í yẹhùn: lọ́rì alápatà ti dúró sẹ́nu géètì. Dókítà wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó dé èjìká. Wọ́n ń da màálù gba àárín pákó kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára pákó fún oyún kọ̀ọ̀kan.

"Kò sí," ni dókítà wí. "Oyún. Kò sí."

Arọra di pákó mú.

"Oyún. Oyún. Oyún."

Ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di màálù kẹtàdínlógún, ẹ̀gbọ́n dá ṣọ́ọ̀kì dúró. "Ìyàwó, ó ti pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Ẹ máa fà á lọ, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ mọ iye rẹ̀."

Ogún ni. Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́, ó na ọwọ́ kejì sí Arọra, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́.

Alápatà yọrí lójú fèrèsé lọ́rì. "Mẹ́ta tí kò lóyún ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ lọ́wọ́ òfo ni?"

"Wọ́n á tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀," ni Arọra dá a lóhùn. "Èmi náà, ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi retí oyún lára mi nílé yìí. Ẹnì kankan ò gbé lọ́rì wá."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ṣọ́ọ̀kì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí lọ́rì máa lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí géètì pápá, màálù mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún sì wọlé lọ jẹun.