Ekòló Abẹ́ Àtẹ̀gùn

Tẹ́nì kan bá ní kí n fọwọ́ kan ekòló tẹ́lẹ̀, màá bú onítọ̀hún. Ara mi máa ń bù máṣọ ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ọkọ mi dùbúlẹ̀ nílé wa ní Pópó Àgùdà, èmi ni mò ń tọ́jú báàfù ekòló tó ń sìn sábẹ́ àtẹ̀gùn, èyí tó fi ń ṣe ìjẹ lẹ́nu ìwọ̀ tó bá lọ pẹja. Mò ń fún wọn ní èérí ògì àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, mò ń fi àpò tó rin bò wọ́n. Àwọn ọmọ wa fóònù láti Àjá pé kí n da pàǹtí yẹn nù. Mo ní kí wọ́n gbẹ́nu wọn sọ́hùn-ún.

Láràárọ̀, màá bu díẹ̀ sínú àwo, màá gbé e lọ bá ọkọ mi lórí ibùsùn. Á béèrè bóyá wọ́n ń bí sí i. Màá ní wọ́n ń bí, wọ́n ń rẹ̀. Lójú tèmi, níwọ̀n ìgbà tí ekòló bá ṣì ń dúró dè é, ó máa dìde lọ sódò náà ni.

Nígbà tí Iléyá kọjá, ìgbẹ́ àgbò kún àgbàlá. Mo mọ̀ pé òun lọkọ mi fi ń mú wọn sanra. Ohun tí mi ò mọ̀, tí mi ò sì bi í, ni pé ó máa ń sá a sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, títí ooru inú rẹ̀ á fi tán. Ìtara bò mí lójú. Mo kó o ní tútù, mo dà á lé wọn lórí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n ti wọ́ jáde, wọ́n kú káàkiri lórí sìmẹ́ńtì. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo káwọ́ lérí, mo sunkún.

Mo mú ṣíbí, ó di Oníkàn, kí n lọ wá ekòló mìíràn. Ọkùnrin kan ń bomi rin òdòdó níwájú ọ́fíìsì kan. Ekòló tó bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un. Mo bẹ̀ ẹ́ dáadáa kó jẹ́ kí n gbẹ́lẹ̀. Ó ní ṣé Àlájà fẹ́ lọ pẹja ni. Mo ní kó ṣáà máa wò mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé àwo dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi. Ó fìka tú erùpẹ̀ wò. Ekòló tiwa pọ́n, ó tín-ín-rín, ara rẹ̀ yá. Àwọn ti Oníkàn tóbi, àwọ̀ wọn ti ṣá, wọ́n kàn nà gbalaja. Ó gbójú sókè wò mí.

"Tiwa kọ́ nìyí."

Mo jẹ́wọ́. Mo ní màá wá irú tiwa gan-an kiri. Ó mi orí.

"Má wá òmíràn mọ́. Mi ò lè dé etí ọ̀sà mọ́, ìwọ náà mọ̀."

Mo mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń bá ọkùnrin yìí jà, torí tó bá ti kírun àsùbá tán, ó di etí ọ̀sà, ó di ìrọ̀lẹ́. Màá ní kó kúkú fi ọ̀sà ṣaya. Tó bá gbé epìyà dé, màá ní kó ha ìpẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní báyìí, ó ń wà nílé pẹ̀lú mi ní Sátidé láti àárọ̀ dalẹ́, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí. Ó ń wù mí kílẹ̀kùn tún dún lẹ́yìn rẹ̀, kí n tún máa kùn.

"Bàbá wọn," mo ní, "ẹ dìde kẹ́ ẹ máa lọ. Mi ò ní bínú."

Ó fi ọwọ́ kan tó ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu nu ojú mi. Erùpẹ̀ ṣì wà lára ìka rẹ̀.