Ọ̀rẹ́ Tó Dùbúlẹ̀ fún Ìdánwò

Ẹ ò rí ayé! Tí wọ́n bá ní kó o mú ẹni tí yóò dùbúlẹ̀ bí aláìsàn fún ọ nínú ìdánwò, ṣé kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ ni wàá mú? Ẹlẹ́rìn-ín ni Tẹ́ẹ́rẹ́ mú. Inú yàrá kan náà ni wọ́n ń gbé látìgbà tí wọ́n ti wọ yunifásítì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ara wọn títí apá fi ń dùn wọ́n.

Lọ́dún kìíní ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ẹni tí kò bá yege ìdánwò yìí kò ní í dé wọ́ọ̀dù. Yóò tún ọdún náà kà ni. Ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ kò tilẹ̀ dúró gbọ́ èsì, "Nọ́ọ̀sì mi" ló ti ń pè é kiri àdúgbò. Ẹlẹ́rìn-ín ti ṣe tiẹ̀ láàárọ̀, ó sì fìdí rẹmi.

Nígbà tó kan Tẹ́ẹ́rẹ́, Ẹlẹ́rìn-ín na gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n da aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ di ohun èlò mọ́ ọn lápá, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tẹ́tí. Ìró iṣan náà ń dún ketekete.

"Ogóje ni, mà."

Olùkọ́ wọn, abiyamọ tí kì í rẹ́rìn-ín, sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì láti tún un wọ̀n. Ìgbà yẹn ni Tẹ́ẹ́rẹ́ rí ìka ẹsẹ̀ tó ti ká jọ lábẹ́ aṣọ, tó ń tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ dán an wò ní yàrá lọ́jọ́sí: bí èèyàn bá fún ẹsẹ̀ pọ̀ gírígírí, tó sé èémí, ẹ̀jẹ̀ á ga sókè. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé!

"Àádọ́fà," ni olùkọ́ wí. "Níbo lo ti rí ogóje? Ṣé o fẹ́ fi oògùn pa ẹni tí ara ẹ̀ le ni?"

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, òun ló..."

"Òun ló ṣe kí ni? Ẹlòmíì!"

Níta, Ẹlẹ́rìn-ín dì mọ́ ọn. "Má sunkún mọ́. Ṣebí a ó jọ tún un kà ni. O ò ní fi mí sílẹ̀ lọ."

Tẹ́ẹ́rẹ́ mú un lọ́rùn ọwọ́, ó fi ìka síbi tí iṣan ti ń lù. "Ṣé o fún ẹsẹ̀ pọ̀?"

"Èmi kẹ̀? Ọlọ́run ń gbọ́, mi ò ṣe nǹkan kan."

Ohùn ẹ̀ tutù bí omi àmù. Àmọ́ lábẹ́ ìka Tẹ́ẹ́rẹ́, iṣan náà ń sáré kìtàkìtà.

"Ká ní ọ̀tá ló ṣe é," ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wí, "ì bá yé mi." Ó ju ọwọ́ náà sílẹ̀, ó lọ kó ẹrù ẹ̀ kúrò nínú yàrá.