Orúkọ tí Mo Fi Gba Ọ̀bẹ Mi

Bàbá mi ló fún mi ní ọ̀bẹ náà lọ́jọ́ tí mo ń lọ sílé ọkọ. Iṣu ló fi gbà á lọ́wọ́ òyìnbó kan nínú àwọn tó ń la ọ̀nà rélùwéè wọ Ọ̀fà. Ọ̀bẹ tó ń ká wọnú èkù ara rẹ̀ ni. Ìwo ẹran ni wọ́n fi ṣe èkù náà, ó dán, ó sì gba inú àtẹ́lẹwọ́ mi dáadáa.

Mo ti rí irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, eyín ni wọ́n fi ń fà á kó tó là. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti fi èékánná àtàǹpàkò kan ibi tí wọ́n gbẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn irin náà, yóò yọ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ìgbà tí ọmọ tó sùn yó bá ń lajú. Kì í dún, kì í fà. Bó bá sì dé ibi tó yẹ kó dé, yóò dúró gírígírí. Àdí ni mo máa ń kán sí oríkèé rẹ̀. Kíjìpá ni mò ń hun nígbà náà, òun ni mo fi ń gé òwú, òun náà ni mo fi ń já aṣọ kúrò lórí òfì.

Àbúrò ọkọ mi ló rí i tí ojú rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ó lẹ́wà, ó sì mọ̀ pé òun lẹ́wà. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i sílé náà kí n tó débẹ̀, nítorí náà ọkọ mi lòun náà. Mi ò gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀, mi ò sì gbọ́dọ̀ kí i lórí ìdúró.

Ó ní, "Ìyàwó, yá mi ní ọ̀bẹ rẹ, kí n fi bó ìrèké."

Mo fún un. Ìrèké náà kò sì bó tán mọ́. Ó di pé ó ń mú ọ̀bẹ mi lọ sídìí rélùwéè, tó ń ṣí i, tó ń pa á dé lójú àwọn ọmọge. Èmi ń fi eyín já òwú nílé.

Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀bẹ mi ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀bẹ rẹ? Ìwọ gan-an, ta ló ni ọ́?"

Mo sọ fún ọkọ mi, ó ní àbúrò òun ni, kí n fi sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó tó ń ka ẹrù ara rẹ̀, ṣé ó fẹ́ kó jáde ni?"

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo padà sídìí òfì. Àmọ́ inú mi kò tutù o. Mo fẹ́ ọ̀bẹ mi, mo sì fẹ́ kó dun ẹni tó mú un lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀: ìyàwó tí kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ ọmọ ilé ọkọ, òun náà ló ń fún un lórúkọ. Ọ̀kan á jẹ́ Adúmáadán, ọ̀kan á jẹ́ Eyínafẹ́. Mi ò tíì fún àbúrò ọkọ mi ní tirẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, mo fi ohùn oyin kí i:

"Ẹ kú àárọ̀ o, Ayámádáa mi."

"Kí lo pè mí?"

"Orúkọ ọkọ mi ni. Ṣé kò dùn létí?"

Àwọn ìyàwó tó kù gbọ́ ọ nídìí ààrò. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi da omi ọbẹ̀ nù. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn ti ń kí i bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọdé sì gbé e dé odò. Ìyá ọkọ mi bínú. Mo ní, "Ìyá, ìyàwó lẹ̀yin náà nílé yìí. Ta ló gba orúkọ tí ẹ sọ ọkọ yín lẹ́nu yín?"

Nígbà tó yá, àbúrò ọkọ mi rí ọmọge kan tó fẹ́ fi ṣaya nílùú Ìjàgbò. Àwọn ará ilé ọmọ náà rán ìyá àgbà kan wá ṣe ìwádìí, bí wọ́n ti ń ṣe. Ó béèrè ọmọkùnrin arẹwà náà lọ́wọ́ àwọn ọmọdé. Wọ́n ní, "Ayámádáa? Ó wà nídìí rélùwéè." Ni ìyá àgbà bá wọlé tọ̀ mí wá.

"Ìyàwó, kí ló yá tí kò dá padà?"

"Ìyá, ìyàwó kì í tú àṣírí ọkọ." Mo tẹrí ba, mo fi eyín já òwú mi.

Wọ́n fi ọmọ náà fún ẹlòmíràn.

Ọjọ́ tí ìròyìn yẹn dé ni arẹwà náà àti ìyá rẹ̀ wá bá mi. Ó ju ọ̀bẹ síwájú mi.

"Gba ọ̀bẹ rẹ! Kó o sì gba orúkọ rẹ padà!"

Mo mú un, mo fi èékánná kàn án. Kò mira. Iyanrìn ti wọ oríkèé rẹ̀, irin rẹ̀ ti dógùn-ún, ẹnu rẹ̀ ti ká bí ẹni pé wọ́n fi tú pákó. Mo fà á títí èékánná mi fi ṣẹ́. Ó ké kẹ̀ẹ̀, ó dúró lágbedeméjì.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ìyàwó, ó kúkú ti dá a. Sọ ọ́ lórúkọ mìíràn, mo bẹ̀ ọ́."

Mo ní, "Ìyá, èyí kọ́ ni mo yá a."

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kí ọkùnrin yẹn láràárọ̀, lórí ìkúnlẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mi ò gbàgbé orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan.