Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà Ìyá Fikáyọ̀

Ìyá Fikáyọ̀ kì í gbà pé nǹkan bàjẹ́ àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá ṣí i wò. Ọdún mẹ́rìnlá ni a ti jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa ní Ọ̀sì, òun pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀, èmi pẹ̀lú ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ èlùbọ́, ògiri kan ṣoṣo ló pààlà wa. Ọmọ́bọ́lá lorúkọ rẹ̀. Nígbà kan rí, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin ló ti ń bá wọn tẹ̀wé. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan, ó sì fi kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ tuntun. Ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Láti Ọ̀sì títí dé Ìlọ́fà, òkú tí kò bá gba ọwọ́ Ìyá Fikáyọ̀ kọjá, mi ò mọ bó ṣe máa dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà ti dàgbà. Kí ó tó ṣí àwòrán kan, ẹni tó ń dúró ti lè jẹ ẹ̀kọ méjì tán. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí a ń bẹ iṣu tí a ó fi ṣe èlùbọ́, ó wá burú sí i. Bí ó bá ti tàn, á máa kùn bí oyin, kò ní pé ìṣẹ́jú méjì tí á fi kú.

Mo ní, "Ìyá Fikáyọ̀, ẹ sin òkú yìí o jàre. Ẹ̀yin náà kúkú ni ẹ ó tẹ ìwé ètò rẹ̀."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Bàbá Ìyìn, ẹnu yín ló yẹ kí n pààrọ̀."

Ó pe Sulaiman, ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìlọrin. Sulaiman ní ọpọlọ ẹ̀rọ náà ló ti rẹ̀. Ọpọlọ ni wọ́n ń pe purosẹ́sọ̀, irin pẹlẹbẹ kékeré tó ń bá kọ̀ǹpútà ronú, tí kò fẹ̀ ju bisikíìtì kan lọ. Ó ní orí méjì ni ọpọlọ ti ìyá fi ń ronú, pé òun ní ọ̀kan lọ́wọ́ tó ń fi orí mẹ́rin ronú, tí á sì jókòó sójú ibi tí ti àtijọ́ wà láìní wàhálà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti fi rán awakọ̀ tó ń gba Òmù-Àrán bọ̀. Ìyá Fikáyọ̀ gbé e lé orí tábìlì nínú fóòmù tí wọ́n fi wé e, kò sì tíì tú u.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni Bàbá Akọ́ládé wọlé. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni bàbá, àgbẹ̀ paraku, tí iṣu wọn ṣì ń ta yọ láàárín iṣu àwọn ọ̀dọ́. Ọjọ́ Sátidé ni ìsìn ìrántí ọdún kẹwàá ìyàwó wọn, Ìbídùnní, ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Àwòrán kan ni wọ́n wá gbà. Nígbà ìsìnkú, wọ́n kó àwòrán mẹ́fà wá fún Ìyá Fikáyọ̀, àwọn ọmọ bàbá sì ní kò gbọdọ̀ tẹ ọ̀kan yìí nínú wọn jáde. Ìyá wọn ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, gèlè ti já bọ́ sí i lọ́rùn, ẹrẹ̀ oko wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kò buyì kún òkú. Ìjì ti gbé òrùlé bàbá lọ láti ìgbà náà, òjò sì ti ba ẹ̀dà ti orí páálí jẹ́. Inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló kù sí.

Ìyá Fikáyọ̀ ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí mo bá ti yọ ọpọlọ rẹ̀, tí mo fi tuntun sí i, ẹ ó rí i gbà."

Bàbá dìde fùú. "Yọ ọpọlọ rẹ̀? Kí ni á wá fi rántí Ìbídùnní?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n padà jókòó, wọ́n sì rọra sọ ọ́ fún wa bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ pé ojú Ìbídùnní ti ń sá fún àwọn. Wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá di ojú, ojú ẹlòmíì ni wọ́n ń rí. Ayọ̀kúnlé, àkọ́bí wọn, sì ti ní ọpọlọ bàbá ti gbó, pé lẹ́yìn ìsìn Sátidé, òun á kó wọn lọ sí Èkó.

"Mi è fẹ́ kú sí Èkó," ni wọ́n wí. "Ulé mi rèé. Oko mi rèé."

Ojú tì mí.

Ìyá Fikáyọ̀ fa àga sún mọ́ wọn. "Bàbá, orí ni ẹ fi ń ro ibi tí ẹ ó gbin usu sí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ṣùgbọ́n inú àká ni usu wà. Bí orí bá ń fọ́ yín, ṣé usu á kúrò ní àká? Ọpọlọ yìí ń ronú ni, ibòmíì ni àwòrán wà."

Bàbá ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn á wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, bàbá ti dé kí n tó ṣílẹ̀kùn. Gbogbo wa ló ti gbà pé pípààrọ̀ ni. Sulaiman ń sọ ọ́ lórí fóònù, èmi náà ń tẹnu mọ́ ọn. Ìyá Fikáyọ̀ dá wa lóhùn pé òun á ṣí i wò ná. Ó tú ìdè ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ó yọ fáànù tó wà lórí ọpọlọ. Ó fọwọ́ pè mí.

"Bàbá Ìyìn, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín."

Èlùbọ́ ni. Èlùbọ́ tí mo ń lọ lẹ́yìn ògiri láti ọdún mẹ́rìnlá, ó ti dì mọ́ ara irin abẹ́ fáànù débi pé a lè ro òkèlè kan níbẹ̀. Ìpara tó yẹ kó máa gbé ooru kúrò lára ọpọlọ ti gbẹ bí ìgbẹ́ ẹyẹ.

Ó ní, "Ọpọlọ yìí kò gbó. Ooru ló mú un. Bó bá ti gbóná, á máa falẹ̀, bó bá wá pọ̀ jù, á pa ara rẹ̀ kó má baà jóná."

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ bo ìtìjú mi. Mo ní tuntun kúkú ti dé, kó fi sí i, orí mẹ́rin sàn ju méjì lọ.

"Orí mẹ́rin tí kò rí èémí mí, kí ló fẹ́ rò?" ló fi dá mi lóhùn. "Bí orí bá ṣe pọ̀ tó ni ooru ń pọ̀ sí i. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò ju orí méjì lọ. Mi ò pààrọ̀."

Ọ̀rọ̀ parí. Ó yọ ọpọlọ náà, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ bàbá, ó ní kí wọ́n bá òun mú un dání. Bàbá dì í mú bí ẹyin. Ìyá Fikáyọ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá èlùbọ́ kúrò, èmi sì fi páǹpù ọ̀kadà fẹ́ ìyókù dànù, ojú mi funfun báláú. Ó gba ọpọlọ padà lọ́wọ́ bàbá, ó fi í sí àyè rẹ̀, ó kán ìpara tuntun tí Sulaiman fi ránṣẹ́ lé e, tó bí hóró ìrẹsì kan, ó sì dé fáànù mọ́ ọn.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú méjì kọjá, márùn-ún kọjá, kò kú, ariwo oyin yẹn sì ti lọ. Ó wá àwòrán náà, ó ṣí i.

Ìbídùnní ń rẹ́rìn-ín sí wa, iṣu lórí èjìká.

Bàbá na ìka sí ẹnu rẹ̀. "Èjí! Ó ní èjí! Mo ti gbàgbé èjí rẹ̀." Omijé bọ́ lójú wọn. Mo sunkún pẹ̀lú, mi ò purọ́. Ìyá Fikáyọ̀ tẹ àwòrán náà jáde, ó tóbi bí ojú fèrèsé, ó sì fi ọpọlọ olórí mẹ́rin ránṣẹ́ padà sí Ìlọrin nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìsìn, Ayọ̀kúnlé ti tan mọ́tò. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹ ti ń gbàgbé nǹkan, ẹ nílò ìtọ́jú."

Bàbá fi àwòrán lé e lọ́wọ́. "Òótọ́ ni, mò ń gbàgbé. Ṣùgbọ́n láti ujọ́ tí ìyá yín ti kú, ta ló ti jókòó tì mí sọ̀rọ̀ rẹ̀? Gbogbo ayé ní kí Ìyá Fikáyọ̀ pààrọ̀ ọpọlọ ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ṣí i wò, èlùbọ́ ni. Ẹ jókòó tì mí fún ujọ́ mẹ́ta. Ẹ gbọn eruku mi ná, kí ẹ tó gbé mi lọ."

Ayọ̀kúnlé wo èjí ìyá rẹ̀ títí. Ó pa mọ́tò, ó sì bọ́ sílẹ̀.