Ìtàn Tí Toyibat Sọ fún Tíṣà Mẹ̀dínátù

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Mẹ̀dínátù ti ń kọ́ praimárì kejì ní Ijoun, létí bodè. Praimárì kìíní ni èmi ń kọ́, ògiri kan ló là wá láàárín. Lọ́jọ́ kan, ó gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa kà á lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kà á délẹ̀ láìsí ìwé lọ́wọ́! Ìtàn ọmọ Èkó kan tó ń lọ sí etíkun ni, wọ́n ti há a sórí bí orin, ṣùgbọ́n bó bá tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà sunkún.

Nígbà tí wọ́n wá pe àwọn olùkọ́ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún ní Ayétòrò, lórí bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà àti bí a ṣe ń yan ohun tí ọmọ yóò kà, òun ló kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀. Òun àti Fọláṣadé, tíṣà praimárì kẹta wa, ni wọ́n jọ lọ. Ó mú Fọláṣadé bí àbúrò. Orí ẹní kan náà ni wọ́n sùn, òun ló tún ń bá a kọ nǹkan sílẹ̀, nítorí ọ̀lẹ ni Fọláṣadé. Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹkúnlé tó dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ ní, “Ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ ìtàn ilé rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí páálí bó ṣe sọ ọ́ gan-an, ẹ má yí i padà, kí ẹ wá fi kọ́ ọ.”

Oṣù Kẹwàá 2019 ni, ìjọba ti ti bodè pa, ìrẹsì òkè òkun kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Toyibat, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kò ka ìlà kan já rí, dìde ní kíláàsì, ó ní, “Bàbá mi ní ọ̀kadà. Wọn kì í gba títì mọ́. Ẹ̀yìn oko káṣú Bàbá Fágbénró ni wọ́n ń gbà. Ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń gbé ìrẹsì bọ̀.” Mẹ̀dínátù kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ní ọjọ́ kẹta, Toyibat fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kà á láti òkè délẹ̀. Tíṣà kọ “káṣú” sójú pátákó, ó tún mọ̀ ọ́n. Mẹ̀dínátù gbé ọmọ náà jó.

Mo sọ fún un pé irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí à ń lẹ̀ mọ́ ògiri lásìkò yìí. Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń wọ ibí bí kò ṣe àwa náà?”

Àwa náà ni lóòótọ́. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Fọláṣadé wọlé, ó ní òun fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó fi fóònù ya àwòrán páálí náà, ó fi ránṣẹ́ sí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó jẹ́ aṣọ́bodè. Lọ́jọ́ ọjà, àwọn aṣọ́bodè lúgọ de bàbá Toyibat nínú oko káṣú. Wọ́n gba ìrẹsì, wọ́n gba ọ̀kadà, wọ́n gbé òun náà lọ. Wọ́n tilẹ̀ fi àwòrán páálí náà hàn án.

Àpèkẹ́, ìyàwó rẹ̀, wá sí ilé ìwé. Kò pariwo. Ó ní, “Tíṣà, ọmọ mi ni mo ní kí ẹ kọ́. Ẹ wá fi ṣe amí ilé mi.”

Ìṣojú mi ni Mẹ̀dínátù ti lọ bá Fọláṣadé. “Fọláṣadé, èmi lo ṣe báyìí fún?” Fọláṣadé ń máàkì ìwé lọ ní tirẹ̀. “Àǹtí, ṣé èmi ni mo kọ ọ́ ni? Ọwọ́ ìkọ̀wé yín ló wà níbẹ̀.” Títí di òní, bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn, inú a máa bí mi débi pé n kì í lè jẹun.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Toyibat padà wá. Mẹ̀dínátù ti fa páálí náà ya, ó mú tuntun dání, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Toyibat, sọ ìtàn mìíràn fún mi, èyíkéyìí.”

“Kò sí nǹkan kan nílé wa, mà.”

Ó yíjú sí ọmọ tó jókòó tì í, lẹ́yìn náà sí ìkejì, títí tó fi bi gbogbo kíláàsì léèrè. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sọ: kò sí nǹkan kan nílé àwọn.