Iyọ̀ Kọ́ Ló Pa Ìgbín Wa

Èmi ni ìyálé, òun ni ìyàwó. Láti ìgbà tí a ti sin ọkọ wa, àwa méjèèjì nìkan ló kù nínú ilé yìí ní ìhà Lágelú. Ọgbà ìgbín tí ọkọ wa fi sílẹ̀ la fi ń jẹun. Tèmi wà lábẹ́ páànù ilé ìdáná. Tirẹ̀ wà ní gbangba lábẹ́ igi kòkó, ó ní ìgbín tí òjò Ọlọ́run bá ń pa ló ń sanra. Òótọ́ sì ni, nígbà náà.

Wọ́n wá kọ́ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ àlòkù irin sí òdìkejì odò. Èéfín rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, a máa ta ni nímú bí ìṣáná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá. Orogún mi a ní, "Ọbẹ̀ wo ni wọ́n ń sè tí kì í jinná yìí?" A ó rẹ́rìn-ín.

Òjò kan rọ̀, ilẹ̀ mọ́, ìgbín rẹ̀ ń yọ ìfófòó. Ìkarahun wọn ti funfun, ó sì rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin. Ẹni tó bá ń sin ìgbín mọ̀ pé iyọ̀ ló ń mú un yọ ìfófòó. Orogún mi wá dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná mi.

"Ìyálé mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ṣé."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ìgbín tiyín ò kú. Tèmi nìkan ni iyọ̀ mọ ọ̀nà ibẹ̀."

"Iyọ̀ kẹ̀? Èmi tí dókítà ní n má fẹnu kan iyọ̀?"

"Ìyẹn ló ṣe ṣẹ́kù púpọ̀ fún yín."

Láti ọjọ́ náà, kò kí mi mọ́. A jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà kan náà, yóò jókòó sí apá ọ̀tún, èmi sí apá òsì. Ìgbín kọ́ ló ń dùn mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé n ó kú sínú ilé tí ẹnì kan ṣoṣo tó kù níbẹ̀ kò ní kí mi káàárọ̀.

Òjò mìíràn ni ó bá wa parí rẹ̀. Páànù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn ti lu, ibi tó ti ń jò ni ìgbín tèmi náà ti ń yọ ìfófòó. Mo pè é.

"Ìyàwó, wá. Ṣé èmi náà ló da iyọ̀ sí tara mi? Tọ́ omi tó ń jò yìí wò."

Ó mú ewé kókò tí omi òjò dúró sí, ó fahọ́n kàn án, ó tutọ́.

"Kò níyọ̀," ó ní. "Ó kan. Ó kan bí omi ògì." Ó bá gbójú sókè wo èéfín.

Ìwọ olùkọ́ tí ò ń bá mi kọ ìtàn yìí sílẹ̀ lo ṣàlàyé fún wa pé imí ọjọ́ wà nínú èéfín náà, ó ń pàdé ìkùukùu, òjò á wá rọ̀ bí omi bátìrì tí a bomi là. O ní ó ń jẹ páànù, ó ń pa ẹja odò, ó ń sọ ilẹ̀ di aláìlágbára. O ní wọ́n lè fi omi ẹfun fọ èéfín kó tó jáde, pé kí àwa náà yé sun táyà àlòkù, nítorí imí ọjọ́ wà nínú èéfín tirẹ̀ náà. A yé sun táyà. A tẹ̀lé baálẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ náà. Ọkùnrin ẹnu géètì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ìyá, òkè ni òjò ti ń wá. Ẹ lọ bá Ẹni tó ni òkè."

Orogún mi ní, "À ń bá A sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Ìwọ la wá bá lónìí."

Wọn ò ṣílẹ̀kùn. Èéfín ṣì ń rú.

Orogún mi kò bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mo ti ọjà Olódò dé lọ́jọ́ kan, mo rí i pé ó ti kó èyí tó kù nínú ìgbín rẹ̀ sínú ọgbà tèmi, ó lọ èèpo ẹyin, ó wọ́n ọn ká gbogbo rẹ̀ kí ìkarahun wọn lè le. Bí òjò bá ti ṣú báyìí, òun ló ń ké pé, "Ìyálé mi, ẹ dìde, ó ti ń bọ̀!" A ó jọ fa ọ̀rá bo ihò páànù.

Láàárọ̀ yìí mo gbé ọ̀kan nínú ìgbín rẹ̀, ìkarahun rẹ̀ fọ́, ìka mi wọnú rẹ̀ lọ. Mo yára fi ewé kókò bò ó, kí orogún mi tó jáde wá kí mi káàárọ̀.