Àwọn Àgbà Tó Wá Bẹ Ìyàwó Mi Nítorí Ìrìn Àárọ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí kí n fẹnu ara mi sọ ohun tójú mi rí, kí ẹlòmíì tó bá mi bù mọ́ ọn. Ẹ lè rẹ́rìn-ín o. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀!

Bàbá Tóbi ni wọ́n ń pè mí. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní àdúgbò Bajulaiye, nítòsí Bariga, orí ìjókòó ni mo sì máa ń wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ikùn mi ló ń kọ́kọ́ wọlé kí èmi tó wọlé. Nígbà tí dókítà yẹ BP mi wò, ó wo ìwé, ó wojú mi, ó tún wo ìwé. Ó ní kí n jáwọ́ nínú ohun díndín, kí n sì máa rìn láràárọ̀, torí ohun tí òun ń rí yìí kò dáa rárá.

Èmi ò kà á sí. Ìyàwó mi ló kà á sí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tó jẹun, tó bá wọn ṣàwàdà, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò mọ́ bá. Lọ́jọ́ tá a ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, kò bá mi jà. Ó mú káàdì ìkésíni kan tó bàjẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ya ọ̀nà sẹ́yìn rẹ̀ fún mi. Kí n kúrò ní Bajulaiye, kí n gba ọ̀nà Ladi-Lak, kí n sọ̀ kalẹ̀ sétí ọ̀sà, kí n máa bá etí omi lọ títí dé ìhà Akoka, kí n wá yí po padà sílé. Ó fi nǹkan tó ń ka ìṣísẹ̀ sórí fóònù mi. Ó ní, "Bàbá Tóbi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rìn ín fún mi."

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, mo rìn ín pé pérépéré. Ẹ gbà mí gbọ́! Lọ́jọ́ kẹrin ni òórùn ẹja díndín pàdé mi létí omi.

Ìyá kan ló ń dín in. Ìyá Ẹlẹ́ja ni gbogbo wọn ń pè é. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àgbàlagbà kan tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìlàjẹ, jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Mo kí wọn kú iṣẹ́. Bàbá béèrè ibi tí mò ń lọ láàárọ̀ kùtù bẹ́ẹ̀. Mo ní mi ò lọ síbì kankan. Ó ní ibo wá ni mo ti ń bọ̀? Mo ní ilé ni, ilé náà ni mo sì ń padà sí. Wọ́n wo ara wọn lójú.

Bàbá rọra sún. "Jókòó, ọmọ mi."

Ṣé kí n kọ ọ̀rọ̀ sí àgbà lẹ́nu ni? Mo jókòó. Wọ́n gbé búrẹ́dì àti ẹja gbígbóná lé mi lọ́wọ́, wọn ò jẹ́ kí n sanwó. Mo ní inú wọn dára ni. Mi ò mọ̀ pé ìtàn mìíràn ni wọ́n ti ń sọ nípa mi!

Láti ọjọ́ náà lọ, orí bẹ́ǹṣì yẹn ni ìrìn mi ń parí sí. Ọwọ́ ọ̀tún mú ẹja, ọwọ́ òsì ń mi fóònù síwá sẹ́yìn kó lè máa ka ìṣísẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́ja bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí ọwọ́ mi ń ṣe báyẹn. Mo ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Ó fi ẹja kan kún un.

Nílé, ìyàwó mi á gba fóònù wò, inú rẹ̀ á dùn, á máa kí mi kú ìgbìyànjú. Tó bá gbé ẹ̀fọ́ tí ò lépo wá, màá tọ́ ọ wò díẹ̀, màá ní ìrìn ti gba oúnjẹ lẹ́nu mi. Ẹ ò rí ìwà!

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni wọ́n kanlẹ̀kùn. Bàbá Ìlàjẹ ló wọlé, ó dé fìlà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ lé e, Ìyá Ẹlẹ́ja sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ti béèrè ilé Bàbá Tóbi atẹ̀wé kárí Bajulaiye.

Kí n tó lanu, Ìyá Ẹlẹ́ja ti kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó mi. Bàbá ṣí fìlà. Ìyàwó mi náà sáré kúnlẹ̀, ó ń pariwo pé, "Ẹ dìde, mà! Kí ni mo ṣe?"

"Ìyàwó wa," ni Bàbá wí, "a ò bi yín ní ohun tó fi ṣẹ̀ yín. Ọkùnrin ni, wọ́n máa ń ṣìṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má tì í síta láàárọ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fún un lóúnjẹ."

Ìyàwó mi ní irú oúnjẹ wo, sà?

Ìyá Ẹlẹ́ja dá a lóhùn. "Ọ̀dọ̀ wa ló ń jókòó sí láràárọ̀, kò níbi tó ń lọ. Ẹja mẹ́ta ló ń jẹ, pẹ̀lú búrẹ́dì! Ìrònú sì ti ń mú un, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń ṣe báyìí." Ló bá ń mi ọwọ́ tirẹ̀ síwá sẹ́yìn.

Ìyàwó mi wo ọwọ́ náà títí. Ó wo fóònù mi lórí tábìlì. Ó wá wò mí. Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlẹ̀!

Ṣé ó pariwo? Rárá. Ó fún wọn lómi tútù, ó sọ ọ̀rọ̀ dókítà fún wọn. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Mi ò fẹ́ dopó nítorí ẹja díndín."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, ìtìjú sì bò mí mọ́lẹ̀. Mo ti rò pé fóònù ni mò ń tàn jẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó mi níwájú gbogbo wọn, ẹ má sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi o!

Ó ní òun ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bani bẹ̀bẹ̀ ló ń ṣe onídùúró, àbí? Bàbá Ìlàjẹ dé fìlà rẹ̀ padà. Ó ní, "Àwa la dúró fún un."

Ẹ wá wo ìyà! Bí mo bá ti yọ létí omi báyìí, Ìyá Ẹlẹ́ja á da àtẹ bo ẹja. Àwọn bàbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á na ẹsẹ̀ gba gbogbo bẹ́ǹṣì. "Máa kọjá lọ o!" Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so okùn bàtà mi, Bàbá bi mí bóyá òótọ́ ni okùn náà tú.

Nígbà tí mo padà lọ ṣàyẹ̀wò lóṣù tó tẹ̀ lé e, BP mi ti wálẹ̀. Kí n tó dìde lórí àga dókítà, ìyàwó mi ti pe Bàbá Ìlàjẹ. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe hó yèè létí omi lọ́hùn-ún, omi sì bọ́ lójú mi.

Ẹ̀kọ́ mi rè é: bẹ́ ẹ bá máa rìn ní Bariga, ẹ tètè wá ibì kan tẹ́ ẹ máa sọ pé ẹ ń lọ! Àti pé ẹni tá à ń purọ́ fún nílé lè jẹ́ ẹni tí ò fẹ́ ká kú.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti tú àṣírí yín níbi tó ti ń bá yín bẹ̀bẹ̀? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á. Ìdúró ni màá wà o, wọn ò jẹ́ kí n jókòó mọ́.